Ẹ̀jẹ̀ Ládòkun tí Mo Sẹ́

Àdìjátù, ọmọ àbúrò mi olóògbé, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀rọ wa ní Ṣakí purọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni òpùrọ́. Ó ti tó àkókò kí n sọ ọ́ síta.

Láàbù, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ ìgò, mo sì ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá láti àwọn ìlú mìíràn. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni mo tó lọ sí ilé-ìwé àgbà, tí mo mọ orúkọ kọ. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tó ń ka ohun tí ènìyàn jogún kó tó sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, Ọ̀gá Olúwatìmílẹ́yìn, tó ń darí wa, ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò. A ó kó ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a ti mọ jẹ́nótáìpù wọn fún un, ká wò ó bóyá ohun tí a mọ̀ ni yóò sọ.

AA àti AS kò ṣòro rí. AC ló ṣòro, òun náà ló sì léwu, nítorí bí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tí fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá jà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbẹ́tì, lọ́dọ̀ Ládòkun tó ń fọ́ òkúta. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn, AC ni. Bó ṣe rí abẹ́rẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Misturat, ẹ rọra o! Àwa tí à ń jẹ eruku òkúta, abẹ́rẹ́ yín lè ṣẹ́ sí mi lára!" Ojú rẹ̀ ni mo ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. N kò ṣì í kọ.

Ẹ̀rọ ní AA ni Ládòkun. Ọ̀gá tún un ṣe, AA náà ni. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣí láàbù, ẹni tó ni ín ti pe àwọn èèyàn ńlá. Ọ̀gá wò mí títí. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé ìgò Ládòkun nìyí?"

Mo ní ó dá mi lójú.

"Ẹ tún un rò. Ẹ sáà sọ pé ẹ ṣì í kọ. Ta ló máa bá yín wí? Gbogbo ayé mọ̀ pé àgbà lẹ fi kàwé."

Ìbínú ló yẹ kó mú mi, ẹ̀rù ló bà mí. Bí láàbù kò bá ṣí, ibo ni n ó tún ti wọ kóòtù funfun? Mo ní, "Bóyá mo ṣì í."

"Kì í ṣe bóyá, Màmá."

"Mo ṣì í."

Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ Ládòkun nù, wọ́n ní ẹ̀rọ yege. Irú obìnrin wo ni mí ná?

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Àdìjátù, tó jẹ́ AS, mú Bàṣírù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá láti Ìgànná. Ẹ̀rọ ní AA ni Bàṣírù. Àdìjátù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Màmá, ṣé kí n fọkàn balẹ̀?" Ojú Ládòkun ni mo ń rí, síbẹ̀ mo ní, "Lọ fẹ́ ọkọ rẹ. Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú."

Sodiqat tí wọ́n bí, igbe ló ń ké bí eegun bá ti ń ro ó. Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ fún wọn pé AC ni baba, fòníkú-fọ̀ladìde ló sì ń ṣe ọmọ.

Mo tọ Ọ̀gá lọ, mo ní kó pa ẹ̀rọ náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìsinsìnyí lẹ wá ń ṣì í. Ìgbà yẹn lẹ sọ òótọ́." Irọ́ mi, kíá ni wọ́n gbà á; òótọ́ mi, kò rí ẹni gbà á. Ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tí a bá ti yẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa, kó tún lọ yẹ ara rẹ̀ wò níbòmíràn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́wọ́ àṣìṣe tí ẹ kò ṣe, ẹ kọ̀ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ fún Àdìjátù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Lọ́jọ́ tí mo bi yín yẹn, Màmá, ẹ mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀.

Ó pọn Sodiqat, ó so ọ̀já le, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ yí orí padà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò mí. Àdìjátù kò wẹ̀yìn.