Bíréèkì Ńlá fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Mò ń dúró de ẹni tó ń lẹ táyà alùpùpù mi ní Igolo, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan àti mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun iwájú ọkọ̀ náà.

"Bàbá, mo ti fi díìsì bíréèkì ńlá sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dán an wò."

Bàbá náà wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì dúró gbọn-in.

"Voilà! Ṣé ẹ rí i?"

"Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

"Kò le rárá, Bàbá."

"Tí mo bá ti ń sáré, ìyàwó mi á di ìjókòó mú. Á ní, 'Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pààrọ̀ bíréèkì yìí.' Mo ní ojo ni. Lọ́jọ́ kan, lọ́nà Banigbé, bíréèkì kọ̀, a forí sọ ọ̀pẹ. Èmi jáde. Òun ò jáde."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ta lẹ wá fẹ́ máa fi ọkọ̀ yìí gbé báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.