Onídùúró Tí Kò Yẹsẹ̀

Lọ́lá ti pinnu pé ọ̀rọ̀ tí òun gbé mì ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà lọ́dún 1992, òun ò ní gbé e dé sàréè. Ó ti rí i pé bí òun bá dákẹ́, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò máa ru ẹ̀bi rẹ̀ lọ. Fún ọdún mẹ́fà, kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ rẹ̀, kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i lọ́mọ. Ní báyìí ó fẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí a má bu iyọ̀ sí i, kí a má sì bá òun bo ibi tó ń rùn níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà nígbà náà yóò rántí. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, fèrè ilé-iṣẹ́ kan á dún, òmíràn á dá a lóhùn, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ kakí aláwọ̀ búlúù á sì máa wọ́ tìrítìrí bọ̀ láti ojú irin. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bisikíìtì gbígbóná ló ń gbé bọ̀. Bó bá yí padà, òórùn ọṣẹ ni. Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti ń fún àwọn ènìyàn lọ́rùn, ológun ló ń pàṣẹ, àwọn bàbá tí wọ́n dá dúró níṣẹ́ ti ń fi mọ́tò ara wọn gbérò. Síbẹ̀, adùn kan wà nínú ìlú. Ọmọge ni Lọ́lá nígbà náà, ó ní bàtà gíga pupa kan tó máa ń ró kókókó lórí símẹ́ńtì, ó sì jókòó síwájú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ó gbà pé kò síbi tó dára láyé ju ìdí tábìlì òun lọ. Títí dòní, bó bá gbọ́ tí tàpíréítà ń dún níbì kan, ọkàn rẹ̀ a fà sí àwọn ọjọ́ náà, ojú a sì tún tì í pé ọkàn òun ń fà sí wọn.

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni pé kó ra ẹ̀rọ ńlá fún oníṣòwò tí apá rẹ̀ kò ká a, kí onítọ̀hún máa san án díẹ̀díẹ̀. Olúgbénró ni mánéjà. Lọ́lá ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ rí. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wọlé tọ ọ̀gá, òun náà ló ń gbé èsì jáde. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn sọ ara rẹ̀ di ògiri. A jẹ́ kí ìyá àgbà dúró kó tó gbé ojú sókè. Bí ènìyàn bá béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, a wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, a ní, “Ẹ padà wá lọ́la.” Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn ṣàkíyèsí pé bí òun bá ṣe ń lé wọn ni wọ́n ṣe ń bẹ òun, ẹ̀bẹ̀ náà sì dùn mọ́ ọn.

Kùdírátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Uswat, wà lára àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́. Opó ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Ìfàkò, ó sì ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀gá iléèwé á máa wá a kiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Ẹ̀rọ oníná kan wà tó lè hun iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ yẹn ló ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ bọ́ sínú ìyá kan, Sàláwù, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Agége, ló gbà láti ṣe onídùúró fún un, tó sì fi ilé tó kọ́ sí Abúlé Ẹ̀gbá dúró. Ìyàwó Sàláwù kọ́kọ́ yarí, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá àwọn bí tẹ̀lé òun. Ìyá Uswat fẹnu ara rẹ̀ ro gbogbo èyí fún Lọ́lá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi inú pamọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Ó ní òun ti wó ògiri yàrá kan kí ẹnu ọ̀nà lè gba ẹ̀rọ náà. Ó ń pe Lọ́lá ní ọmọ mi. Lọ́lá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe òun bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Olúgbénró pe Lọ́lá wọlé, ó ní òun ti fọwọ́ sí ti onísúwẹ́tà. Ẹ̀rọ náà ti gúnlẹ̀ sí Àpápá, ẹni tó ń tà á yóò sì di iye náà mú títí di ọjọ́ Jímọ̀, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Má jẹ́ kó pẹ́ o. Náírà yìí kò ṣeé gbọ́kàn lé.” Lọ́lá ní ó ti yé òun, sà.

Ìyá Uswat fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Lọ́lá, gbólóhùn kan péré ni: wọ́n ti gbà fún yín, mà. Ṣùgbọ́n Déolú, ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ nígbà náà, jókòó sí etí tábìlì, ó fẹ́ mú un lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan tí Lọ́lá kò fẹ́ kó já. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ padà wá lọ́la.” Obìnrin náà sì padà wá lóòótọ́, àmọ́ Lọ́lá kò sí níbẹ̀, ó tún ti bá Déolú jáde. Ìyá Uswat jókòó lórí bẹ́ńṣì títí Wahab, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, fi ní kó máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn epo mọ́tò wọ́n gógó, ọkọ̀ dàwátì, kò sì rọ́nà wá mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Lọ́lá gbàgbé. Ó gbàgbé ni, ẹ má jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn fún un.

Àárín ìgbà náà gan-an ni ìjọba ju ọwọ́ náírà sílẹ̀, ó sì já lulẹ̀. Ohun tí ènìyàn fẹ́ rà lánàá di ohun tí kò lè béèrè lónìí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, Olúgbénró pe Lọ́lá, ojú rẹ̀ le. Ó ní onísúwẹ́tà dà? Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá òṣìṣẹ́ kan dúró nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́yìn eyín. Ó ní obìnrin náà wá, ó ní onídùúró òun ti yẹsẹ̀. Olúgbénró mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n fún ẹni tó kàn ní ẹ̀rọ náà.

Irọ́ kì í dá wà, a máa bímọ. Nígbà tí Ìyá Uswat dé, Lọ́lá ní láti bá a sọ ohun tó bá ti mánéjà mu. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń káàánú.

“Ẹ̀gbọ́n yín ti wá síbí, mà. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé ilé àwọn lé orí òwò obìnrin.”

Ìyá Uswat ní, “Sàláwù? Sàláwù ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n tún ní ká má sọ fún yín.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ń gún Lọ́lá lọ́kàn jù lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú un sọ ọ́. Òun ló sì ti gbogbo ọ̀nà mọ́ Sàláwù: bó bá sẹ́, wọn á ní ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun yóò sẹ́. Ìyá Uswat kò sunkún. Ó rọra tún ìborùn rẹ̀ wé, ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé yóò gbọ́ tiẹ̀,” ó sì jáde.

Ibí yìí gan-an ni ibi tó burú jù. Kò pẹ́ sígbà náà tí Sàláwù fúnra rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ó wọ bùbá funfun, ó dé fìlà, ó múra bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Ìyá Uswat dúró lódìkejì títì, ó kọ̀ láti sún mọ́ ọn. Ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé kò wá síbẹ̀ rí, kí ọmọbìnrin náà jáde wá sọ ọ́ létí òun. Lọ́lá rí àwọn méjèèjì láti ojú fèrèsé. Ó jáde dé ẹnu géètì. Sàláwù kò bú u, kò pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ náà ń wò mí. Ìwọ àti èmi ò pàdé rí. Mi ò ní béèrè ẹ̀rọ, mi ò ní fẹjọ́ rẹ sun ẹnikẹ́ni. Ṣáà sọdá, kí o sọ fún àbúrò mi pé o ò rí mi rí.”

Lọ́lá wò ó. Olúgbénró wà nínú ọ́fíìsì. Bó bá sọdá títì, ọ̀rọ̀ náà lè dé etí ọ̀gá, iṣẹ́ sì lè bọ́. Ó yíjú sí Wahab, ó ní, “Mi ò mọ ohun tí bàbá yìí ń sọ. Ẹ bá mi mú wọn kúrò níbí.” Wahab di ọkùnrin náà lápá mú, ó tì í sẹ́yìn. Àwọn tó ń kọjá dúró wòran. Nígbà tí Sàláwù fi bojú wo òdìkejì títì, àbúrò rẹ̀ ti kẹ́yìn sí i, ó ń lọ. Lọ́lá padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì jẹun ọ̀sán. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ilé-iṣẹ́ náà kò pẹ́ tó fi kógbá sílé, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Lọ́lá torí rẹ̀ parọ́ kò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ mọ́. Ó fẹ́ Déolú, ó bímọ, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé ní Agége. Fèrè ilé-iṣẹ́ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gba títì Ọba Àkran ní Ìkẹjà kọjá, tó rí géètì tí wọ́n fi ṣéènì dè, a máa rò pé ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán, kò sẹ́ni tó ń rántí mọ́.

Lọ́dún 1998, ó gun ọ̀kadà kan ní Agége. Ọlọ́kadà náà bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Àǹtí Lọ́lá, ẹ ò rántí mi?” Wahab ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìgbà àtijọ́, wọ́n rántí oúnjẹ ọ̀sán àti Olúgbénró tó máa ń kọrin fún ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, inú Lọ́lá sì dùn. Wahab wá ní ṣé ó rántí bàbá onífìlà tí àwọn lé ní géètì. Ó ní Abúlé Ẹ̀gbá ni àwọn jọ ń gbé báyìí. Ó ní bàbá náà ń ṣàìsàn, kò lè dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú, àbúrò rẹ̀ kò tiẹ̀ yọjú. Ládùúgbò, ọ̀dàlẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Wahab ní, “Ó máa ń sọ pé ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì yẹn mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun ń gbàdúrà kó rántí òun. Mo ní, Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kì í rántí èèyàn.”

Lọ́lá ní kó sọ òun kalẹ̀. Wọn ò tíì dé ibi tó ń lọ.

Ó sọ ọ́ fún Déolú nílé. Déolú ní ọ̀rọ̀ tó ti jinná, kí ló dé tó tún fẹ́ họ ọ́. Lọ́lá ní kò jinná lára ẹni tó ni egbò. Ó wá ilé Ìyá Uswat kiri ní Ìfàkò títí ó fi rí i. Obìnrin náà jókòó nídìí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Kò dá Lọ́lá mọ̀, ó kí i, ó ní kó jókòó. Lọ́lá kò jókòó. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mánéjà ti fọwọ́ sí i, ó sì sọ ọ́ délẹ̀, ti Déolú, ti òtẹ́ẹ̀lì, ti irọ́ àkọ́kọ́, ti irọ́ kejì. Ìyá Uswat ń hun súwẹ́tà rẹ̀ lọ bó ti ń gbọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ọ̀rọ̀ tí o ní ó sọ nípa òwò obìnrin yẹn. Ṣé ìwọ lo dá a sọ?”

“Èmi ni, mà.”

“Kò sọ nǹkan tó jọ ọ́?”

“Mi ò rí wọn rí, mà, àfi ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n lé wọn.”

Ìyá Uswat ti súwẹ́tà náà sápá kan. Ó ní, “Mo gbọ́ ikú ìyàwó rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ kaná lọ́jọ́ yẹn, mo jẹun.” Ó dìde, ó pe Uswat ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí báǹkì kan ní Ìkẹjà. Ó ní kí Lọ́lá máa bọ̀ pẹ̀lú àwọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọkọ̀ lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá.

Ìyá Uswat nìkan ló kọ́kọ́ wọlé tọ Sàláwù. Lọ́lá dúró ní fàráńdà, ó ń retí ariwo, kò gbọ́ ariwo. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ti lọ sílẹ̀, tó ní, “Kùdí, ṣé o ti jẹun?” Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹkún obìnrin.

Wọ́n pè é wọlé. Sàláwù gbẹ lórí ẹní, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Lọ́lá dojúbolẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ò yẹsẹ̀, sà. Èmi ni mo gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo sì fi yín bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ wá bẹ̀ mí, mo tún ní kí wọ́n tì yín síta.”

Sàláwù dijú. Ó ní, “Tún un sọ. Lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn ayálégbé gbọ́.”

Lọ́lá lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì tún un sọ lójú gbogbo ará ilé. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Uswat dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wò ó. Lọ́lá yíjú sí i. “Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi, wọn á fi yín síwájú báǹkì bí wọ́n ṣe fi èmi náà síwájú. Bí ìyá àgbà bá dúró tì yín, ẹ gbójú sókè, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Ó sàn ju èyí lọ.”

Nígbà tó padà wọlé, Ìyá Uswat ti gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan, ó ń fún un lómi mu díẹ̀díẹ̀. Lọ́lá tún kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Sàláwù gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní ní tòun, ó ti tán. Ìyá Uswat kò gbójú kúrò lára ife tó dì mú.

Ó ní, “Èmi ò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Máa lọ sílé. Lọ́jọ́ tí mo bá lè sọ ọ́, màá ránṣẹ́ pè ọ́.”

Lọ́lá dìde, ó sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà fún Uswat, ó sì lọ sílé. Títí dòní, ó ṣì ń retí ìránṣẹ́ náà.