Òròmọdìyẹ Kẹtàlá

Má tíì bu oògùn yẹn fún mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí bí mo bá gbé èyí wọ ibojì, mi ò ní sùn níbẹ̀. Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Ìyàwó rẹ tó kẹ́rù lọ lọ́jọ́sí, èmi ni mo lé e.

O rántí pé nígbà tí mo kó kúrò nílé ọkọ wá bá Màmá, Ìyá Aládìyẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ìyàwó rẹ dé, kò ju ọdún kan lọ, adìyẹ tirẹ̀ ń pamọ ju tèmi lọ. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú mi kọjá lọ bá a. Ó dùn mí wọ egungun. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta tó ti wà lọ́dọ̀ wa, kò tíì bímọ, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ta Màmá lára.

Ọjọ́ kan náà ni àgbébọ̀ tèmi àti tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàba lẹ́yìn ilé ìdáná, nínú agbọ̀n méjì tí a tẹ́ èérún pákó ṣọ́ọ̀bù rẹ sí. Ẹyin méjìlá méjìlá. Ó fi èédú fa ìlà méjì sára tirẹ̀, èmi fa ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó lọ pọnmi, adìyẹ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Mo ri ẹyin rẹ̀ sínú omi gbígbóná, mo nù wọ́n, mo tún ìlà èédú wọn fà, mo dá wọn padà. Ìkà tí mo jẹ́! Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀kan ti rì sísàlẹ̀ èérún pákó.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, tèmi pa méjèèjìlá, tirẹ̀ ò mira. Ó kúnlẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sàba díẹ̀ sí i." Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹyin tó o fọwọ́ kàn gan-an ò yè. Inú wo lo fẹ́ fi gbọ́mọ?" O wà níbẹ̀, ò ń fá pákó rẹ lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ igbe nínú agbọ̀n rẹ̀. Ọ̀kan ti la èèpo rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yọ síta. Ká ní mo pè é pé, "Ìyàwó, wá wò ó," ilé yìí ni ì bá wà dòní. Mo kiwọ́ bọ abẹ́ adìyẹ náà, ó fẹnu sọ mí lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Àpá rẹ̀ rèé. Mo bọ́ èèpo dànù sínú iná, mo ti ọmọ náà sábẹ́ adìyẹ tèmi.

Lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ bẹ̀rẹ̀ sídìí agbọ̀n mi, ó ń kà wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyin méjìlá lẹ kó sí i. Báwo ni wọ́n ṣe di mẹ́tàlá?"

"Adìyẹ ló yé ọ̀kan kún un."

Ẹni tó mọ adìyẹ mọ̀ pé ẹyin tó dé lẹ́yìn kì í bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa pọ̀. Ó wò mí títí. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Ọjọ́ kẹta ló kẹ́rù. Adìyẹ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹyin òkú yẹn títí ó fi rù kan egungun, kò sẹ́ni tó lójú láti lé e kúrò.

Láti ìgbà náà ni adìyẹ ti bà lókùn nílé yìí, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo gbọ́ pé ó ti bímọ mẹ́rin níbi tó wà. Ìwọ ò fẹ́ ẹlòmíì. Má sunkún síwájú mi, mi ò yẹ lẹ́ni tá à ń sunkún fún. Tí ilẹ̀ bá mọ́, lọ bá a. Má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣáà sọ fún un pé ìkẹtàlá yẹn, tirẹ̀ ni.