Ibi Tí Ìlù Ti Dákẹ́

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Hanwa lọ sí Muchia, bàbá olórin kan ń bá obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé níjó wí.

"Haba! Àṣẹ ijó ni mo fún ẹ, mi ò ní kí o gé orin mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ibi tí ìlù ti dákẹ́ nìkan ni mo gé. Àwọn ọmọ ò rí nǹkan jó sí níbẹ̀."

"Ibẹ̀ ni mo ti dárúkọ ìyá mi."

Kò pariwo rárá nígbà tó sọ ìyẹn.

"Màá dá a padà, wallahi."

"Fóònù mélòó lo fẹ́ wọ̀? Wọ́n ti pín èyí tí o gé kiri. Lánàá, mo kọ ọ́ pé pérépéré fún ọmọ-ọmọ mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ ti ṣì í kọ.'"