Kámẹ́rà Tí Kò Ní Ihò Nísàlẹ̀

Òótọ́ tí Nùrẹ́nì Àmúsà, onífọ́tò Ìkòtún, ti gbé mì láti ọdún 2008, ó di dandan kó pọ̀ ọ́ kó tó lè lọ sí Mẹ́kà. Ó ti ń lọ káàkiri àdúgbò, ó ń tọrọ ìdáríjì bí gbogbo ẹni tó ń lọ hajj ti í ṣe, àwọn èèyàn sì ń dá a lóhùn wéré pé, "A ti dárí jì yín, ẹ bá wa ṣàdúà." Ọláṣùmbọ̀ tó ti kọ́ níṣẹ́ fọ́tò rí náà sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ike l'Ẹ́gbẹ́dá. Nùrẹ́nì ì bá gba tiẹ̀ kó máa lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

"Ọláṣùmbọ̀, o ò tíì mọ ohun tí o ń dárí rẹ̀ jì."

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ wọlé, ẹ jókòó ná jàre." Ó bu omi fún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé kọ́ọ̀bù náà, ìyẹn gan-an ló já Nùrẹ́nì láyà.

Ó ní nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fọ́tò ráńdábáòtù Ìkòtún lálẹ́ fún kàlẹ́ńdà wọn, Ọláṣùmbọ̀ ni wọ́n pè, wọn ò pe òun ọ̀gá rẹ̀. Ó dun òun wọra. Òun náà ni Ọláṣùmbọ̀ sì mú dání lọ yan kámẹ́rà.

"Méjì la rí tí ojú wọn lè ṣí pẹ́, tí iná mọ́tò á fi fà gbọọrọ nínú fọ́tò. Ọ̀kan ní ihò nísàlẹ̀ tí wọ́n ń de ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí í gbé kámẹ́rà dúró mọ́, ìkejì ò ní. Èyí tí ò ní ni mo ní kí o rà. O bi mí pé, 'Ẹ̀gbọ́n, kò ní nílò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni?' Mo ní ayé onífíìmù nìyẹn, pé ti díjítà, ọwọ́ tó dúró ló ń fẹ́. Irọ́ ni! Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró tó bẹ́ẹ̀."

Ó gbé omi náà sílẹ̀ láìfẹnu kàn án. Èyí tó burú jù ló kù.

"Nígbà tí o kó fọ́tò dé, tí gbogbo iná rí wúruwùru, mo di ọwọ́ rẹ mú, mo ní, 'Àbí àìsàn bàbá rẹ ló fẹ́ mú ọ yìí?' Mo sì mọ bí ọwọ́ bàbá rẹ ṣe gbọ̀n títí tó fi kú. Ìkà ni mí. Mo sọ ọ́ tán, mo lọ jẹun."

Ọláṣùmbọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Mo ta kámẹ́rà yẹn. Mo ní kí Richard, àfẹ́sọ́nà mi, lọ fẹ́ ẹlòmíì, kí n má baà di ẹrù sí i lọ́rùn. Ó ti bímọ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n."

Nùrẹ́nì, àgbàlagbà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ike. "Nítorí Ọlọ́run, foríjì mí."

Ọláṣùmbọ̀ fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé kọ́ọ̀bù tó kún yẹn, ó nà án síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn. Omi inú rẹ̀ ò mì.

"Ìdáríjì tí mo fún yín lẹ́nu ọ̀nà, mo gbà á padà," ló wí. "Ìyá mi ṣì ń gbààwẹ̀ nítorí ọwọ́ yìí. Ẹ lọ bá wọn ní Baruwa, kí ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe sọ fún mi. Tí ẹ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ wá tún un tọrọ."

Nùrẹ́nì dìde, ó ṣí fìlà, ó sì lọ wọ mọ́tò Baruwa.