Ọkọ Ọmọ Láàárín Ewúrẹ́

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìdóàní ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu bàbá méjì tó jókòó sẹ́yìn mi.

"Ewúrẹ́ àdúgbò ló kọ́kọ́ dà mí láàmú," ọ̀kan nínú wọn ní. "Tí wọ́n bá ti gun pèpéle mi, kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi á pè mí lórí fóònù. Mo wá ní kí àwọn tó gbé e kọ́ bá mi ṣètò rẹ̀, kó máa pè mí fún èèyàn nìkan."

"Ìyẹn dáa."

"Ó dáa kẹ̀? Ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ní òun ń bọ̀. Mo ní tí mi ò bá tíì ti oko Ùsò dé, kó kí mi níwájú kámẹ́rà, màá rí i. Fóònù ò dún rárá. Inú bí mi, mo ní kọ́mọ mi gbàgbé ẹ̀."

"Kò wá ni?"

"Ó wá! Ọmọ mi ló tú àwọn àwòrán ẹranko tí kámẹ́rà kó pamọ́. Ewúrẹ́, ewúrẹ́, àna mi, ewúrẹ́! Bó ṣe dé pèpéle báyìí ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà ẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Kámẹ́rà wò ó wò ó, ó ní ẹranko ni."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Èkejì nu ojú: "Kí lo wá ṣe?"

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ ni. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ débi tí kámẹ́rà ò fi mọ̀ ọ́n léèyàn mọ́, àna wo ni mo tún ń wá?"