Ìkòkò tí Mo Fọ̀ Mọ́

Ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún, dókítà ò sì wò mí lójú mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bá mi wọlẹ̀: èmi Nazibrola ni mo ba iṣẹ́ Lamara jẹ́. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Láti Tbilisi, olú ìlú wa, ni Lamara ti wá. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin ló fi wọ̀ sílé mi, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà àjàrà mi, kó lè fi hàn pé àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibí dó ti ń pọn wáìnì. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìyá, tí mi ò bá rí ìkòkò wọn, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi.” Màá ní, “Jẹun, àwọn òkú ẹ ò ní sá lọ.” Opó ni mí, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Ohùn mẹ́ta ló ń gbé orin tiwa. Tó bá ku ẹyọ kan, ó ń dún bí àròyé. Tí Lamara bá dé, a di méjì.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn kẹrin tó dé, ọkọ́ mi kan ìkòkò lábẹ́ àjàrà, ó ṣẹ́ àfọ́kù kan nídìí rẹ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ní tí Lamara bá fi rí i, kò ní padà wá mọ́. Mo gbé ìkòkò náà pamọ́ sábẹ́ koríko gbígbẹ. Olè arúgbó!

Èyí tó burú jù rèé. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í fi ìkòkò wáìnì sílẹ̀ ní dídọ̀tí. Mo fi omi eérú gbígbóná àti èèpo igi ṣẹ́rì ha inú rẹ̀, mo ń kọrin sí i: “Ìkòkò mi, lanu, àjàrà ti pọ́n o.” Ó ń gbè mí!

Lamara dé, ó gbẹ́ ilẹ̀ títí, owó tán. Nígbà tó ń sunkún, ara mi ò gbà á mọ́, mo gbé ìkòkò jáde, mo ní àná ni mo rí i. Ó dì mọ́ mi, ó ń jó. Ló bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

“Ìyá, ta ló fọ̀ ọ́?”

“Òjò ni.”

“Ṣé òjò náà ló ha á? Àbàwọ́n inú ẹ̀ ni mò ń wá! Òun nìkan ló lè sọ ohun tí wọ́n rọ sí i.”

Ó wo èèpo ṣẹ́rì tó rọ̀ mọ́ ògiri mi. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé.

Lamara, mo purọ́. Àfọ́kù ìdí rẹ̀ yẹn, mi ò fọ̀ ọ́. Ká ní mo mú ọ lọ hú u lọ́jọ́ náà, wàá rí i pé koríko ti hù bo ojú ihò náà, wàá mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo rí ìkòkò. Ojú tì mí, mo fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ìlà kẹta, ìdí àjàrà keje láti ẹnu ọ̀nà. Forí jì mí, wá hú u. O ò ní láti wọlé kí mi. Mú un, kóo máa lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tóo bá ń lọ, kọrin díẹ̀ lójú ọ̀nà. Màá gbè é látinú ilé.